Ìwé ìdíwọ̀n aránṣọ àti jẹjẹrẹ ọyàn

Obìnrin tó ti ń rán aṣọ ẹbí ní Adó-Èkìtì tàbí Ìkọ̀lé láti ọdún tó ti ṣe ìgbéyàwó ní ìtàn ara rẹ̀ lákọsílẹ̀ nílé aránṣọ, bí kò tilẹ̀ kà á sí. Ẹ ní kí aránṣọ yín ṣí ìwé àtijọ́ tó ń kọ ìwọ̀n sí. Ẹ lè bá a báyìí: ọdún ìgbéyàwó, ikùn ínṣì 28, ìdí 38. Lẹ́yìn ọmọ kejì, ikùn 32. Ọdún tí wọ́n sìnkú ìyá àgbà, ikùn 36, ìdí 41. Lọ́dún tó kọjá, ikùn 38, ìdí 42. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, kò sẹ́ni tó bá yín sọ ọ̀rọ̀ ìsanra. Wọ́n ń tú ojú rírán, wọ́n ń fi aṣọ sílẹ̀ nínú de ọjọ́ iwájú, ẹ sì ń lọ òde yín. Lórí ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ ọyàn, àwọn nọ́ńbà tó tò tẹ̀lé ara wọn yẹn ń sọ̀rọ̀ ju kílò ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí wọ́n kọ sí káàdì yín ní ọsibítù lọ.

Ìdí ni pé ìsanra ní ìgbà, ó sì ní ibùjókòó. Ọmọ ọdún 18 tó rí róbótó, ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta tó ń fi kílò méjì méjì kún ara lẹ́yìn ọmọ kọ̀ọ̀kan, ìyá ọlọ́dún 58 tí ikùn rẹ̀ yọ lókè ìró: gbogbo wọn la ń pè ní ẹni tó sanra. Ohun tí ìsanra ń ṣe sí ọyàn wọn yàtọ̀, nígbà míì ó tilẹ̀ takora. Ẹni tó bá kó gbogbo rẹ̀ sínú gbólóhùn kan, "ẹ má sanra kẹ́ ẹ má baà ní jẹjẹrẹ", ìdajì òótọ́ ló sọ. Ìdajì yẹn ló sì ń mú kí ẹni tó tẹ́ẹ́rẹ́ rò pé àrùn náà kò lè kan ilé òun.

Ọ̀pọ̀ ohun tí àwọn oníṣègùn kọ́kọ́ mọ̀ nípa èyí, lára obìnrin òyìnbó ni wọ́n ti rí i. Ní 1995, Boston University ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ìwádìí tí wọ́n pè ní Black Women's Health Study. Bíi 59,000 obìnrin dúdú ló forúkọ sílẹ̀, wọ́n sì ń fi ìwé ìbéèrè ránṣẹ́ sí wọn ní ọdún méjì méjì. Ara ohun tí wọ́n bi wọ́n ni iye kílò tí wọ́n wọ̀n nígbà tí wọ́n wà ní ọmọ ọdún 18. Lẹ́yìn náà ni wọ́n da ìwádìí yìí àti àwọn mìíràn pọ̀ lábẹ́ orúkọ AMBER, kí iye àwọn tó ní àrùn náà lè tó láti pín sí oríṣi oríṣi. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, àwọn oníṣègùn tó fi UCH Ìbàdàn ṣe ibùdó ìwádìí, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Temidayo Ogundiran ti Ìbàdàn àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Olufunmilayo Olopade ti University of Chicago wà lára wọn, wọn ara àwọn obìnrin Nàìjíríà tó lé ní 2,000, àwọn tó ní jẹjẹrẹ ọyàn àti àwọn tí kò ní i. Wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2010.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà ọmọge. Nínú ìwádìí Boston, àwọn tí ara wọn kún ní ọmọ ọdún 18 kò ní jẹjẹrẹ ọyàn tó àwọn tó tẹ́ẹ́rẹ́ nígbà náà. Bó ṣe rí kí nǹkan oṣù tó dáwọ́ dúró ló rí lẹ́yìn rẹ̀. AMBER náà rí ohun tó jọ ọ́. Àlàyé kan tí wọ́n ń ṣe ni pé ọmọge tó sanra máa ń ní oṣù tí ẹyin kì í jáde, họ́mọ̀nù tó ń kan ọyàn rẹ̀ lóṣooṣù á sì dín kù. Mo bẹ̀ yín, kí ìyá kankan má tìtorí èyí máa rọ mílíìkì àti mínírà sí ọmọbìnrin rẹ̀ lọ́fun. Ọmọ tó sanra jù tètè máa ń rí nǹkan oṣù, ẹni tó bá sì tètè rí i kí ó tó pé ọmọ ọdún 12, ewu jẹjẹrẹ ọyàn tirẹ̀ á lọ sókè lójú ọ̀nà mìíràn. Àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sì í bi ọmọ léèrè ọjọ́ orí. Ohun tí èsì yìí wúlò fún ni pé ẹni tó sanra láti kékeré kò ní láti máa gbé ẹ̀rù kiri bíi pé jẹjẹrẹ ti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó tẹ́ẹ́rẹ́ ní ọmọge tó wá ń sanra díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn ìgbéyàwó, òun gan-an lẹni tó yẹ kó fetí sílẹ̀.

Òun ló sì pọ̀ jù láàárín wa. Nílẹ̀ wa, ìyàwó tó bá ń kún, wọ́n á ní ọkọ ń tọ́jú rẹ̀. Tó bá fà sẹ́yìn díẹ̀, gbogbo ọjà á bẹ̀rẹ̀ sí í bi í pé kí ló dé tó rù báyìí, ṣé kò sí nǹkan? Torí ìbéèrè yẹn, ọ̀pọ̀ obìnrin tó ń gbìyànjú láti dín ara kù ló ti fi í sílẹ̀ lẹ́yìn oṣù kan. Ìwádìí tí wọ́n kó jọ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2015, fi hàn pé láàárín àwọn tí kì í lo họ́mọ̀nù ìgbà àgbà (oògùn họ́mọ̀nù tí àwọn kan ń lò lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá dáwọ́ dúró), kílò márùn-ún kọ̀ọ̀kan tí obìnrin bá fi kún ara láti ìgbà ọ̀dọ́ ń fi nǹkan bí ìdá 11 nínú 100 kún ewu jẹjẹrẹ ọyàn rẹ̀ lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá ti dáwọ́ dúró. Ẹni tó wọn kílò 54 ní ọmọ ọdún 20, tó wá wọn 72 ní ọmọ ọdún 50, ti fi kílò 18 kún un. Bó bá ga ní mítà 1.58, ìṣirò BMI rẹ̀, tó ń fi kílò wé gíga, ti kúrò ní 21.6, ó ti di 28.8. Ẹ fi gíga yín ní mítà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ẹ fi ohun tó bá jáde pín kílò yín, ẹ ó rí tiyín. Láti 25 sókè ni wọ́n ń pè ní ara tó wúwo jù, láti 30 sókè ni ìsanra àsanjù.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ẹ̀yìn ìgbà tí nǹkan oṣù dáwọ́ dúró ni ìyà náà ń jẹ yọ? Nígbà tí obìnrin ṣì ń rí nǹkan oṣù, ilé ẹyin rẹ̀ ló ń pèsè ẹ́sítrójìn, họ́mọ̀nù obìnrin, ó sì ń pèsè rẹ̀ lọ́pọ̀. Iná tọ́ọ̀ṣì lásán ni èyí tó ń ti inú ọ̀rá wá níwájú rẹ̀. Nígbà tí ilé ẹyin bá ti pa iná, ọ̀rá ara ló di jẹnẹrétọ̀. Nínú ọ̀rá, títí kan ọ̀rá inú ọyàn fúnra rẹ̀, ohun kan wà tó ń jẹ́ aromatase. Ó máa ń mú họ́mọ̀nù mìíràn tí ẹṣẹ́ orí kíndìnrín ń tú sínú ẹ̀jẹ̀, á sọ ọ́ di ẹ́sítrójìn. Bí ọ̀rá bá ṣe pọ̀ tó ni jẹnẹrétọ̀ náà ń ṣiṣẹ́ tó, tọ̀sán tòru. Ọ̀rá inú ikùn tún ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Kì í jẹ́ kí ara gbọ́ ti ínsúlínì, họ́mọ̀nù tó ń darí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, dáadáa, ínsúlínì á wá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀dọ̀ tó yẹ kó máa pèsè pùrótéènì tó ń di ẹ́sítrójìn mú á dín in kù, ẹ́sítrójìn tó ń rìn láìsí ẹni tó dì í mú á sì pọ̀ sí i. Ẹ́sítrójìn yìí ló ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì ọyàn pé kó máa pín, bẹ́ẹ̀ ìpín kọ̀ọ̀kan ni àǹfààní àṣìṣe.

AMBER rí i lára obìnrin dúdú tí nǹkan oṣù wọn ti dáwọ́ dúró pé àwọn tí BMI wọn tó 35 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ewu tó fi bí ìdá 31 nínú 100 ju ti àwọn tí kò tó 25 lọ, fún oríṣi jẹjẹrẹ ọyàn tí ẹ́sítrójìn ń bọ́. Fún àwọn tí ikùn wọn tóbi tí a bá fi wé ìdí, ewu gbogbo oríṣi lápapọ̀ fi bí ìdá 26 nínú 100 lé. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin pàápàá tí wọ́n ṣì ń rí nǹkan oṣù, ikùn tó tóbi fi ewu oríṣi tí ẹ́sítrójìn ń bọ́ kún tiwọn, nǹkan bí ìdá 35 nínú 100. Torí náà ni mo ṣe ń tẹnu mọ́ ìwé aránṣọ. Sikéèlì kò mọ ibi tí ọ̀rá jókòó sí.

Ṣùgbọ́n oríṣi kan wà tí wọ́n ń pè ní triple negative. Kò ní àmì mẹ́ta tí oògùn họ́mọ̀nù àti oògùn HER2 (HER2 jẹ́ pùrótéènì kan lára sẹ́ẹ̀lì) máa ń dì mú, ó máa ń le, ó sì máa ń bá àwọn tí kò tíì dàgbà púpọ̀. Ní Amẹ́ríkà, obìnrin dúdú ń ní in ní nǹkan bí ìlọ́po méjì obìnrin aláwọ̀ funfun. Níbi tí èyí wà, àwọn tó sanra lẹ́yìn tí nǹkan oṣù dáwọ́ dúró kò ní in tó àwọn tó tẹ́ẹ́rẹ́ nínú AMBER. Ní ti Ìbàdàn, obìnrin tó ga ló ní ewu jù, àwọn tí BMI wọn ga sì kéré díẹ̀ láàárín àwọn tó ní àrùn náà. Kí ẹ tó fi èyí ṣe àwáwí, ẹ rántí pé ọ̀pọ̀ obìnrin wa ló máa ń dé ọsibítù nígbà tí àrùn ti pẹ́ lára, àrùn tó pẹ́ sì ń jẹ ẹran ara. Ohun tí mo fẹ́ kí obìnrin tó tẹ́ẹ́rẹ́ mú níbẹ̀ ni pé títẹ́ẹ́rẹ́ rẹ̀ kò dáàbò bò ó. Kókó ọyàn ẹni tó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, kókó ni.

Ó yá, téèpù. Téèpù aṣọ máa ń fà tó bá pẹ́. Ẹ kọ́kọ́ fi rúlà ọmọ iléèwé oní sẹ̀ntímítà 30 dán an wò. Bí 30 rẹ̀ kò bá bá 30 rúlà mu, ẹ jù ú nù. Ẹ bọ́ ìró àti ohunkóhun tó ń fún ikùn pọ̀, ẹ dúró kí ẹsẹ̀ yà díẹ̀. Ẹ fi ìka wá egungun ìhà tó kẹ́yìn ní ẹ̀gbẹ́, ẹ fi bíró sàmì síbẹ̀. Ẹ wá orí egungun ìbàdí ní ẹ̀gbẹ́ kan náà, ẹ sàmì síbẹ̀ pẹ̀lú. Àárín àmì méjèèjì ni téèpù ń gbà kọjá. Kì í ṣe ìdodo, torí ìdodo ẹni tí ikùn rẹ̀ ti wálẹ̀ máa ń bá ikùn wálẹ̀ ni. Ẹ ní kí ẹnìkan wo ẹ̀yìn yín bóyá téèpù tẹ́ rẹ́gí, torí ẹ̀yìn ló ti máa ń yọ́ lọ sísàlẹ̀. Ẹ mí síta bẹ́ ẹ ṣe máa ń mí, ẹ má fa ikùn sínú, kẹ́ ẹ tó kà á. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Bí méjèèjì bá fi ju sẹ̀ntímítà kan lọ yàtọ̀, ẹ ṣe ẹ̀ẹ̀kẹta. Fún ìdí, ibi tó yọ jù ní ìjókòó ni téèpù ń gbà.

Aránṣọ kì í wọ̀n ọ́n báyìí. Ibi tí ìró ń gbà so ló máa ń wọ̀n, ó sì máa ń há ìka méjì sínú téèpù kí aṣọ má baà fún. Nítorí náà, ẹ má fi nọ́ńbà inú ìwé rẹ̀ wé ààlà oníṣègùn. Ẹ fi wé ara wọn láti ọdún dé ọdún. Bí ẹ bá fi ìdí 38 pín ikùn 28 ti ọdún ìgbéyàwó yẹn, 0.74 ni. Ti lọ́dún tó kọjá, 38 lórí 42, ti di 0.90. Ìdí fi ínṣì mẹ́rin kún, ikùn fi mẹ́wàá kún! Ní ti èyí tí ẹ fi téèpù wọ̀n bí mo ṣe ṣàlàyé, ààlà tí WHO, àjọ ìlera àgbáyé, fi lélẹ̀ fún obìnrin ni 0.85. Fún ikùn nìkan, sẹ̀ntímítà 80 ni ibi tí ewu ti ń bẹ̀rẹ̀, 88 ni ibi tó ti ga gan-an. Ẹ máa wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta, láàárọ̀, lẹ́yìn tí ẹ bá tọ̀. Ojoojúmọ́ kò wúlò.

Mi ò ní sọ fún ọmọ Èkìtì pé kó fi iyán sílẹ̀. Iṣu sísè jẹ́ nǹkan bíi kálórì 116 nínú gíráàmù 100, iyán kò sì jìnnà sí i. Iyán tó tó gíráàmù 500, tí kò tilẹ̀ tóbi lójú olóúnjẹ ọjà, ti sún mọ́ kálórì 600 kí a tó bu ọbẹ̀ sí i. Ẹ ra òṣùwọ̀n ìdáná kékeré, ẹ wọn iyán yín lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ wo ìwọ̀n abọ́ tó gbà á, ẹ wá dín in sí ìdá méjì nínú mẹ́ta láti ọjọ́ yẹn nínú abọ́ kan náà. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀fọ́ gba ààyè tó ṣẹ́kù. Epo ló máa ń tan obìnrin jẹ. Síbí ńlá kan epo pupa jẹ́ bíi kálórì 120. Ìgbakọ tó bá gba síbí mẹ́rin ti di 480, ẹni tó ń fi ojú da epo sí ẹ̀gúsí kì í mọ iye ìgbakọ tó lọ. Ẹ fi síbí wọn ọ́n, ẹ pín in sí iye ẹni tó máa jẹ ọbẹ̀ náà. Mínírà oní 50 cl, ẹ ka ìwé ẹ̀yìn rẹ̀: ẹ fi márùn-ún sọ iye ṣúgà inú 100 ml di púpọ̀, ẹ ó mọ ohun tí ẹ ń mu. Ọtí náà ní ewu tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti ìsanra. Gíráàmù mẹ́wàá ọtí lójúmọ́ ń fi bí ìdá 7 nínú 100 kún ewu jẹjẹrẹ ọyàn, ìgò bíà ńlá oní 60 cl tí agbára rẹ̀ jẹ́ 5 nínú 100 sì ní nǹkan bíi 24.

Ìyá ìkókó ni wọ́n máa ń fi oúnjẹ rọ́ jù, wọ́n ní ẹni méjì ló ń jẹ fún. Ọmú fífún nílò bíi kálórì 500 lójúmọ́ lórí oúnjẹ àtẹ̀yìnwá, kò ju abọ́ iyán kékeré kan lọ. Èyí tó bá lé sórí ìyẹn, ara ìyá ló ń gbà á. Fífún ọmọ lọ́mú gan-an kò ní àfiwé: oṣù 12 kọ̀ọ̀kan tí obìnrin bá fi fún ọmú láyé rẹ̀ ń dín ewu náà kù ní ìdá 4.3 nínú 100, yàtọ̀ sí ìdá 7 tí ọmọ kọ̀ọ̀kan tó bí ń dín kù.

Ẹni tó ti sanra tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Ìwádìí tí wọ́n kó jọ lórí obìnrin tó lé ní 180,000, tí ọjọ́ orí wọn tó 50 sókè, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2020, fi hàn pé àwọn tó dín kílò méjì sí mẹ́rin àbọ̀ kù, tí wọn kò sì jẹ́ kó padà, ní ewu tó fi bí ìdá 13 nínú 100 kéré. Àwọn tó dín mẹ́sàn-án tàbí jù bẹ́ẹ̀ kù, tí wọn kò sì lo họ́mọ̀nù ìgbà àgbà, bí ìdá 32. Ẹ jẹ́ kó lọ díẹ̀díẹ̀, ìdajì kílò lọ́sẹ̀ kan ti tó. Tíì tí wọ́n ń tà pé ó ń fa ikùn wọlé, ìgbẹ́ ló ń mú ṣe, omi ló ń jáde, ọ̀rá á wà níbi tó wà. Bẹ́líìtì ikùn kì í yọ́ ọ̀rá. Ìrìn kíákíá ìṣẹ́jú 30, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, lórí òkè Ẹ̀fọ̀n Aláayè tàbí ní ọ̀nà oko, ló máa ń bá oúnjẹ tí ẹ dín kù ṣiṣẹ́. Bí ara bá wá ń fà láìjẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ń fà á, ìyẹn kì í ṣe ìdínkù tí à ń sọ. Ọsibítù ni ẹ gbé e lọ.

Obìnrin tí ọyàn rẹ̀ tóbi ní ìṣòro kan sí i: kókó máa ń fara pamọ́ sínú ọ̀rá. Ẹ dùbúlẹ̀, ẹ ki ìrọ̀rí kékeré sábẹ́ èjìká ọyàn tí ẹ fẹ́ yẹ̀ wò, ẹ gbé ọwọ́ ọ̀hún sẹ́yìn orí. Bí ọyàn bá ṣì ń ṣubú sí ẹ̀gbẹ́, ẹ yí ara díẹ̀ sí òdì kejì kó lè tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ fi inú ìka mẹ́ta yí róbó róbó, fẹ́ẹ́rẹ́, lẹ́yìn náà kó wọlé díẹ̀, lẹ́yìn náà kó kan egungun ìhà. Láti egungun ọrùn dé abẹ́ ọyàn, láti abíyá dé àárín àyà. Ẹ má fo abẹ́ ọyàn tó ń lágùn. Bí nǹkan oṣù bá ṣì ń wá, ọjọ́ keje sí ìkẹwàá láti ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ló dáa jù. Bó bá ti dáwọ́ dúró, ẹ yan ọjọ́ kan lóṣù. Kókó, awọ tó bu sínú bí ẹ̀yìn ọsàn, orí ọmú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ẹ̀jẹ̀ láti orí ọmú, kókó ní abíyá: ọ̀kankan nínú wọn tó láti gba Federal Teaching Hospital ní Ìdó-Èkìtì tàbí Ekiti State University Teaching Hospital ní Adó lọ, kódà bí kò bá dunni.

Bó bá sì di pé a bá àrùn náà, tí wọ́n fẹ́ fa oògùn kẹ́mò sára, gíga àti kílò ni wọ́n fi ń ṣírò iye rẹ̀. Kílò ọjọ́ náà ni wọ́n ń lò. Kílò tí aláìsàn rántí láti ọdún ìjẹta kò wúlò níbẹ̀. Ẹni tó sanra ní ẹ̀tọ́ sí gbogbo ìwọ̀n tí ara rẹ̀ béèrè, torí bí wọ́n bá tìtorí ìbẹ̀rù dín in kù, jẹjẹrẹ ló ń jàǹfààní. Ẹ bọ́ bàtà, ẹ tú gèlè, ẹ gbé fóònù àti kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, kí sikéèlì wà lórí sìmẹ́ńtì. Kó má wà lórí kápẹ́ẹ̀tì. Kẹ́ ẹ sì wo nọ́ńbà tí nọ́ọ̀sì kọ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó kúrò lórí rẹ̀.